A Lọ Mú Ìtàkùn Bàbá ní Sáríà

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀. Kubwa sí Kàdúná

Kí n tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní ìdájí, Àǹtí mi ti wẹ̀, wọ́n ti kírun, wọ́n ti bu ìrẹsì sínú kúlà, wọ́n sì ti jókòó sórí àga Bàbá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àkọ́bí Bàbá, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi; Sáríà ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ń wo ilẹ̀ tó wà láàárín ògiri àti gọ́tà. N ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò.

Ilẹ̀ náà kò ju ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní mẹ́ta sí lọ. Ebè mẹ́sàn-án ni Bàbá kọ síbẹ̀ lọ́dún 2009 tí a kó wọn wá sí Àbújá, ànàmọ́ ni wọ́n sì gbìn sí i, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kúkúndùnkún. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wa á, lọ́dọọdún ni wọ́n ń gé ìtàkùn rẹ̀ tún gbìn. Bí àlejò bá dé ilé wa, Bàbá kì í fi pálọ̀ hàn án kí wọ́n tó fi ẹ̀yìnkùlé hàn án.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa pé ọdún kan tí wọ́n fi wá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, à ń gbàlejò, à ń pín ẹrù, à ń wá ẹni tó máa san gbèsè èyí àti ẹni tó máa san gbèsè tọ̀hún. Kò sẹ́ni tó rántí bu omi sí ẹ̀yìnkùlé. Kó tó di oṣù kẹta, oòrùn Àbújá ti jó gbogbo rẹ̀ gbẹ. Èmi ni mò ń gbé ilé náà. Ọwọ́ mi ló kú sí.

Nígbà tí ẹbí wá jókòó lórí àdúà ọdún kan, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ màlúù àti kánópì, Àǹtí mi ní àwọn ò lè jókòó máa ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Sáríà ni Bàbá ti gé ìtàkùn náà wá. Bí ó bá ṣì ku ẹyọ kan níbẹ̀, àwọn á lọ mú un. Mo ní èmi náà ń bọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Kubwa, àdúgbò wa ní Àbújá. Ọ̀nà yẹn, láti Ìdù dé Rígásà ní Kàdúná, kìlómítà 186 ni, ọdún 2016 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e la mú Bàbá wá wọ̀ ọ́. Wọn ò wọlé lójú ẹsẹ̀. Èrò ń rọ́ kọjá lára wọn, àwọn dúró, wọ́n tẹjú mọ́ irin méjèèjì tó wà nílẹ̀, wọ́n ní, "Èyí fẹ̀ ju tiwa lọ." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tún irin àtijọ́ ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ìbú irin àtijọ́. Èyí tuntun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó lé íǹṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀. Nígbà tí mo wá a kà lẹ́yìn náà, àṣé ojú lásán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo àbúrò mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022 tí àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ yìí, ẹ̀rù ṣì ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn láti wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kejìlá ọdún náà. Bí a ti ń sún mọ́ Rìjánà, nítòsí ibi tí wọ́n ti kọlù ú, inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Tẹ̀sùbáà Àǹtí mi kò dúró títí a fi dé Rígásà.

Ilé ọmọ àbúrò Bàbá ní Kakuri la sùn. A jẹ túwó ìrẹsì, a sì tètè sùn.

Ọjọ́ kejì, Jímọ̀. Kàdúná sí Sáríà

Kawo la ti wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Oṣù kẹjọ ni, gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀: àgbàdo ti ń yọ irun, ọkà bàbà ti ga ju èèyàn lọ, ànàmọ́ sì ti bo ebè mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibi tí Àǹtí mi bá ti rí ewé rẹ̀, wọ́n á nawọ́ sí i bí ọmọdé tó rí ìyá rẹ̀ lọ́jà. Láti ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ lẹ́nu Bàbá fúnra wọn, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Bàbá kò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, tí wọ́n gun ẹṣin kí i káàbọ̀ ní Kàdúná, ni àwọn wọkọ̀ wá sí òkè Ọya. Ọdún 1956 nìyẹn. Abà kan lẹ́yìn Ọ̀fà ni wọ́n ti wá. Láti bí ọdún 1908 tí rélùwéè ti dé Ìlọrin ni irin ti ń gba agbègbè yẹn kọjá, nítorí náà fèrè ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mọ àkókò lóko: èyí tó bá fọn láàárọ̀, kí obìnrin máa dáná, èyí tó bá fọn nírọ̀lẹ́, kí ọkùnrin máa di ẹrù. Iṣu ni bàbá tó bí Bàbá ń gbìn, ànàmọ́ sì ni ti ìyá wọn. Ọ̀fà àti ànàmọ́, ta ló fẹ́ yà wọ́n?

Àbúrò ìyá wọn tó ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́ ló ní kí wọ́n máa bọ̀. Aṣọ méjì ni Bàbá mú, ọkọ́ kan, àti ìdì ìtàkùn ànàmọ́ tí ìyá wọn fi àpò olómi wé. Nígbà tí ọkọ̀ dé Jẹ́bà, tó gun afárá Odò Ọya tí wọ́n ti parí láti 1916, gbogbo èrò ń yọjú wo omi. Bàbá kò wo omi. Omi ìgò tí wọ́n gbé dání ni wọ́n ń wọ́n sára ìtàkùn wọn.

Àwọn tí wọ́n jọ ń tún irin ṣe ní Sáríà kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá náà kò gbọ́ Hausa. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwọn Hausa sì ní kokawa tiwọn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wọn ju ọwọ́ sí Bàbá pé kí wọ́n bọ́ síta, Bàbá bọ́ ẹ̀wù. Wọ́n jà títí, kò sẹ́ni tó dá ẹnì kejì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Mallam ni gbogbo wa ń pe ọ̀rẹ́ Bàbá yìí nígbà tí a dáyé. Àwọn ló wá ilẹ̀ fún Bàbá létí odò Kubanni, ibẹ̀ sì ni ìtàkùn ìyá Bàbá ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò ní òkè Ọya.

A dé Kwangila ní Sáríà kó tó di ìrun Jímọ̀. Ìmáàmù tó wà ní mọ́sálásí Bàbá ní Sabon Gari báyìí kò mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìrun, bí a ti ń pín sáárà, Àǹtí mi dárúkọ Bàbá fún àwọn àgbà mẹ́ta kan tó jókòó sábẹ́ òrùlé. Wọ́n wo ara wọn. Orúkọ náà kò yé wọn. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn ṣàdédé ní, "Mai Dankali?" Bí gbogbo wọn ṣe dìde nìyẹn. Ní Kubwa àti ní Ọ̀fà, Bàbá Sáríà là ń pè wọ́n. Ní Sáríà, Mai Dankali ni wọ́n, ẹni tó ni ànàmọ́. "Allah ya jikan shi," kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, ni wọ́n ń wí, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bọ Àǹtí mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹta, Sátidé. Sabon Gari

Tẹ́ṣàn la kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni irin ti pín sí méjì, ọ̀kan kọrí sí Kánò, ọ̀kan sí Kaura Namoda. Àǹtí mi fi ẹsẹ̀ tẹ ibì kan lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìyá àwọn máa ń gbé agbada sí. Bí ọkọ̀ Kánò bá ti fọn fèrè lókèèrè, Ìyá Àgbà á da ànàmọ́ sínú epo; kí ọkọ̀ tó dúró, ó ti pọ́n. Àwọn ọmọ á gbé àtẹ lé orí, wọ́n á máa nà án sí èrò lójú fèrèsé. Bàbá ń gbìn ín, Ìyá Àgbà ń dín in, ọmọ márùn-ún sì kàwé jáde níbẹ̀.

A rìn lọ sí àdúgbò tí Bàbá gbé. Ilé tí wọ́n háyà yàrá méjì nínú rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ilé tó tẹ̀ lé e ṣì wà. Ọmọ ẹni tó kọ́ ọ ló ń gbé ibẹ̀, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò níwájú ilé. Ọmọ Igbo ni, Sáríà ni wọ́n bí òun náà sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ. Bó ti rí Àǹtí mi, ó ju aṣọ tó fi ń nu girísì sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi!"

Kápẹ́ńtà ni bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1966, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Igbo ní òkè Ọya, kápẹ́ńtà, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn, ìyẹn ọkùnrin yìí, fi òru méjì sá pamọ́ sí yàrá Bàbá. Òru kẹta ni Bàbá àti Mallam mú wọn gba ẹ̀yìn irin lọ wọ ọkọ̀. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún Bàbá. Títí dé ibẹ̀, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n nínú ẹbí. Ohun tí n kò gbọ́ rí ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan ti ń yí ilé náà po, wọ́n ní ẹni tó ni ín kò ní padà mọ́. Bàbá ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gba ilẹ̀ tí wọ́n bá bá ebè lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ebè yí ilé kápẹ́ńtà ká, wọ́n gbin ànàmọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá bi wọ́n, wọ́n á ní oko àwọn nìyẹn.

Ọkùnrin náà mú wa wọ ibi tó ń kó ẹrù sí. Ó wọ́ pákó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ká wò ó. Ilẹ̀kùn ni. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti fẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ilé kọ́, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná. Ó yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ilà láti òkè dé àárín. Bàbá kò kàwé. Agbọ̀n ànàmọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà láti orí ilẹ̀ kápẹ́ńtà, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fa ilà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Bó bá pé mẹ́rin, wọ́n á fi ìkarùn-ún dábùú rẹ̀. Mo fi ìka tọ́ ọ. Wọ́n jìn débi pé èékánná mi ń wọ inú wọn, wọ́n sì tò gbọọrọ bí ebè.

Inú agolo Bournvita ni owó rẹ̀ wà, abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni agolo wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, ìjọba pààrọ̀ owó bébà kí èyí tó wà lọ́wọ́ Biafra má baà wúlò mọ́, ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n sì fún aráàlú. Bàbá wú agolo jáde, wọ́n kó tiwọn àti ti kápẹ́ńtà pọ̀, wọ́n lọ tò sí báńkì. Nígbà tó kàn wọ́n, akọ̀wé bi wọ́n pé níbo ni òṣìṣẹ́ ojú irin ti rí owó tó pọ̀ tó báyìí. Bàbá ní ànàmọ́ ni. Ó ní ti ta ni? Bàbá ní tàwọn ni, gbogbo rẹ̀. Àǹtí mi ní irọ́ kan ṣoṣo tí àwọn gbọ́ pé Bàbá pa láyé wọn nìyẹn.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Kápẹ́ńtà padà dé, ó ti rù hangogo. Bàbá fún un ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbé agolo lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń ka ilà, wọ́n ń ka owó. Ó pé. Kápẹ́ńtà ní kí àwọn pín in sí méjì. Bàbá ní ilẹ̀ ló bí i, ilẹ̀ ta sì ni? Ilẹ̀ ṣú bá wọn lórí ìjiyàn yẹn. Níkẹyìn páànù ni wọ́n fi rà, kápẹ́ńtà kan díẹ̀ mọ́ ilé tirẹ̀, ó kan ìyókù mọ́ ilé Mallam. Bàbá kò gba kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ la dé nínú ìtàn tí Àǹtí mi fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà, níwọ̀n orúnkún mi, ilà méje kan wà tí kò tò, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, òmíràn wọ́. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ní àwọn rántí ìṣó tí àwọn fi fa á, àwọn ń ṣe bíi Bàbá. Bàbá rí i, wọn ò nà wọ́n, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ọkùnrin náà ní bàbá òun máa ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka ilà, kápẹ́ńtà ní ọwọ́ ọmọdé nìyí, ẹ yọ méje yìí kúrò. Bàbá ní ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ni iye rẹ̀. Owó agbọ̀n méje tí ẹnikẹ́ni kò tà ti wà nínú agolo yẹn láti ìgbà tí ọmọdé ti fa ilà wọ̀nyẹn. Inú owó oṣù wọn ni Bàbá ti yọ ọ́.

Àǹtí mi, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, jókòó sórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, wọ́n sunkún. A jẹ́ kí wọ́n sunkún. Ó wù mí kí n ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé.

Ọjọ́ kẹrin, Àìkú. Ọ̀dọ̀ Hajiya

Ilẹ̀ etí Kubanni tí Mallam wá fún Bàbá ti di ilé pátá. A rìn ín já, a kò rí ju ewúro kan àti pọ́ǹpù omi lọ. Àyà mi já. Mo rò pé òfo la máa gbé padà sílé.

Ọmọ Igbo yẹn ló ní ká lọ wo ìyàwó Mallam. Mallam ti kú ṣáájú Bàbá, Hajiya sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú. A wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa, ẹrẹ̀ ń ta sí wa lára. Ojú Hajiya ti ṣú. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ ojú Àǹtí mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n sì pe orúkọ wọn. Orúkọ ọmọdé ni wọ́n pè, èyí tí èmi kò gbọ́ rí. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Hausa ni wọ́n ń sọ, kíákíá ni, ìdajì ló ń yé mi. Wọ́n ní lẹ́yìn tí Mallam kú, Bàbá ń wá lọ́dọọdún bí òjò bá ti dé, wọ́n á kọ ebè fún àwọn, wọ́n á jẹ túwó, wọ́n á lọ. Títí di ọdún tí a kó wọn lọ sí Àbújá. "Mutumin kirki ne," ni Hajiya ń wí. Èèyàn rere ni.

Nígbà náà ni Àǹtí mi wá béèrè. Hajiya rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sẹ́yìn ilé. Dankalin Baba, ni wọ́n pè é. Wọn ò pè é ní orúkọ mìíràn rí.

A yí ilé ká. Ebè bí ogún, ewé bò ó kitikiti. Àǹtí mi kò tètè gbà. Wọ́n ká ewé kan, wọ́n nà án sójú oòrùn: ó pín bí ìka ọwọ́, iṣan rẹ̀ pọ́n díẹ̀ nídìí. Wọ́n ṣẹ́ ìtàkùn, oje funfun rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Wọ́n fi ìka wa ẹ̀gbẹ́ ebè, wọ́n fa ọmọ kékeré kan yọ tí kò tíì dàgbà, wọ́n fi eyín gé e. Pupa lẹ́yìn, funfun nínú. Wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Òun ni."

Mo fẹ́ máa gé e bó ṣe wù mí. Àǹtí mi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Orí ìtàkùn là ń gé, kì í ṣe ìdí rẹ̀; kó gùn tó láti ìgúnpá dé ọmọ ìka; kí ewé ìdí kúrò, kí ti ìmú dúró. Ẹyọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n la gé. Hajiya kò gba owó. Aṣọ tí Àǹtí mi mú wá fún wọn ni wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí wọ́n ran èyí tó máa gùn dé ilẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Ajé. Sáríà sí Kubwa

Àárọ̀ kùtù la kúrò. Ní Rígásà, ẹ̀ṣọ́ kan ní ká tú àpò wò. Ó rí ìtàkùn nínú àpò olómi, ó wo ojú Àǹtí mi, ó ní ká máa lọ. Nínú ọkọ̀, mo gbé ìdì náà lé ẹsẹ̀, mo ń ṣí ìdérí ìgò, mo ń fi ọwọ́ wọ́n omi sí i. N kò rí ohun tó wà lójú fèrèsé láti Jere dé Kubwa.

Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú nígbà tí a délé. A ò jẹun. Ọkọ́ Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì níbi tí wọ́n fi sí, ó ti dípẹtà. Mo kọ ebè mẹ́sàn-án náà, kò gún bíi ti Bàbá, Àǹtí mi sì tún mẹ́ta nínú rẹ̀ kọ. Ìtàkùn mẹ́ta mẹ́ta la ki bọ ebè kọ̀ọ̀kan, ní fífì sí ẹ̀gbẹ́ kan, Àǹtí mi á fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, èmi á bu omi sí i.

Mẹ́rin ló kù. Màmá Gbagyi tó ń sun àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà wa ti dúró tì wá láti ìgbà díẹ̀, ó ń wò wá. Ó bi mí bóyá pupa ni àbí funfun. Mo ní pupa lẹ́yìn, funfun nínú. Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Ó fi ewé àgbàdo wé e, ó gbé e sórí igbá rẹ̀, ó sì ń lọ sílé.